Ẹ̀rọ Kẹrin Nínú Agbo Ẹlẹ́ni Mẹ́ta

Ikpinlè,
Ọjọ́ kejìlá oṣù kìíní, ọdún 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi Ẹfúnwùmí,

Ẹ kú òtútù ìlú Nantes. Ọyẹ́ ti dé sọ́dọ̀ wa níbí, ètè gbogbo wa ti là, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé eré ni tiwa lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín. Ìyá wà. Wọ́n ní kí n kí yín, kí n sì sọ fún yín pé gbágùúdá tó wà lọ́nà Tatonnonkon ti ta, pé àwọn kò ní wú u títí ẹ ó fi sọ ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀. Mo sọ fún wọn pé gbágùúdá kì í dúró de ẹni tó wà lókè òkun. Wọ́n ní kí n pa ẹnu mi dé.

Mo rí i pé ẹ ń pè mí lórí fóònù. Ńṣe ni mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó máa dún. Ohùn yín máa ń tù mí nínú. Bí ẹ bá ti pè mí ní Àjàní báyìí, ohun tó ń bí mi nínú á fò lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ìwé, kí n lè bínú dé òpin ọ̀rọ̀ mi.

Àwọn ẹ̀rọ sẹ́fà méjì, àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń pa ẹ̀kọ́ mọ́, tí ẹ fi ránṣẹ́ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ti dé. Ta ló lọ gbà wọ́n lójú títì? Èmi ni. Èmi ni mo so wọ́n mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù mi lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo ń wà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó gbé aboyún. Èmi ni mo kun yàrá tí wọ́n máa wà, èmi ni mo dí ihò èèrà, èmi ni mo gun òrùlé láti so àwọn pánẹ́ẹ̀lì tó ń gba iná lára oòrùn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Màdáámù Nadège, ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì, pe ìpàdé. Ó fa ìwé yín yọ, ó kà á sókè pé Ṣàfíù ni yóò máa bójú tó àwọn ẹ̀rọ, pé ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ yóò wà.

Ṣàfíù ọmọ Adja-Ouèrè, tó lọ kàwé ní Àjàṣẹ́, tó ń wọ bàtà tó ń dán wá sáàárín oko! Ó mú ẹ̀rọ kan wá láti ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó fi kún tiyín, ó di mẹ́ta. Ó ní agbo ni wọ́n, pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò máa ṣiṣẹ́ pọ̀ bí ẹ̀rọ kan ṣoṣo, kí àwọn ọmọ lè máa rí ẹ̀kọ́ wọn kà láìsí ayélujára. Mo bi í pé, "Bí àáró?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣàngó, ìwọ náà! Ó jọ bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ àáró. Àwa ẹgbẹ́ máa ń ro oko ara wa yípo, tòní ti Fádèyí, tọ̀la tèmi. Ẹni tí kò bá gbé ọkọ́ wá kì í ní ìpín níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í sì í tólẹ̀. Ẹ ní ẹ̀rọ méjì nínú agbo yìí. Ṣàfíù ní ọ̀kan. Èwo ni tèmi? Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, èmi ni ọwọ́ yín nílé. Ohun tí ẹ bá fi ránṣẹ́, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbà wọlé. Ẹ kọ̀wé sí Màdáámù pé kí kọ́kọ́rọ́ wá sọ́wọ́ mi. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn, n kò fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú.

Àbúrò yín tí inú ń bí,
Ṣàngóbíyì.


Nantes,
Ọjọ́ kẹta oṣù kejì, ọdún 2024.

Àjàní, ọmọ ìyá mi,

Mo kí ọ, mo kí Ìyá, mo kí gbágùúdá tó ti ta. Inú ọkọ̀ ojú irin ni mo ti ka ìwé rẹ. Mo rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá n kò rẹ́rìn-ín mọ́. Láti ọdún tuntun o kò gbé fóònù mi. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn?

Iṣẹ́ tí Ṣàfíù lọ kọ́ ní Àjàṣẹ́ nìyẹn. N kò fi í rọ́pò rẹ. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ lọ́wọ́ Ṣàfíù, mo lè bá a wí. Bó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ, gbogbo Ikpinlè ni yóò sọ pé Ẹfúnwùmí gbé ohun ìlú fún àbúrò rẹ̀ kó fi ṣeré.

Ní ti agbo yẹn, ètò tó ń darí rẹ̀ lè gba ẹ̀rọ tó ju ogún lọ. Òun kọ́ ló ní kó mọ sí mẹ́ta. Òrùlé yín ló ní kó mọ sí mẹ́ta, nítorí pánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì tí a ní kò lè bọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mẹ́ta sì dára fún ohun mìíràn. Bí méjì péré bá wà, tí wọn kò gbọ́ ara wọn mọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ èyí tó ń sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta, tí ọ̀kan ṣubú, àwọn méjì tó kù á rí i pé àwọn ju ìdajì lọ, iṣẹ́ á sì máa lọ. Ẹ̀rọ Ṣàfíù bá tèmi mu, irú kan náà ni wọ́n, ọjọ́ orí kan náà. Ìdí tí mo fi gbà á nìyẹn, kì í ṣe nítorí bàtà rẹ̀.

Bá mi wò ó bóyá ooru máa ń pọ̀ jù ní yàrá yẹn lọ́sàn-án, kí o sì bá Màdáámù sọ̀rọ̀ nípa fèrèsé kejì. Kí o sì gbé fóònù.

Ìyá ní ẹsẹ̀ ni o fi ń lọ sóko báyìí. Alùpùpù rẹ ńkọ́? Ṣé ó bàjẹ́ ni?

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń pè tí o kò dá lóhùn,
Ẹfúnwùmí.


Ikpinlè,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kejì, ọdún 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àjò. Ìyá ní ẹ ṣeun fún òògùn ẹsẹ̀. Fèrèsé kejì ti wà, èmi ni mo lu ògiri náà.

Alùpùpù mi kò bàjẹ́. Mo fi ṣe pàṣípààrọ̀ ni. Ọkùnrin kan wà ní Kútọnu tó ń ta ẹ̀rọ àlòkù tó ti Yúróòpù wá. Ó fẹ́ alùpùpù, èmi fẹ́ sẹ́fà. Ó mú tirẹ̀, mo mú tèmi, mo gbé e wálé nínú ọkọ̀ tó ń kó tòmátì. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò rí ẹ̀rọ yìí! Ó gùn ju àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ. Àyè tó wà nínú rẹ̀ fún ìpamọ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ti Ṣàfíù. Bí mo bá tàn án, ariwo afẹ́fẹ́ rẹ̀ máa ń lé àwọn ewúrẹ́ Ìyá kúrò lẹ́yìn ilé. Ọkọ́ tèmi nìyẹn. Mo ti gbé ọkọ́ wá sí àáró.

Mo gbé e lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ṣàfíù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò ó, ó wò mí.

"Kí nìyí, Ṣàngóbíyì?"

"Ẹ̀rọ ni. Àbí ojú ń dùn ọ́?"

"Mo rí i pé ẹ̀rọ ni. Níbo ló ń lọ?"

"Inú agbo."

Ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó wo inú, ó mi orí bí dókítà tó fẹ́ sọ ohun tí kò dáa. "Ọ̀rẹ́ mi, eléyìí kò lè wọ agbo. Ó tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n..."

"Ṣùgbọ́n ó ju tìrẹ lọ."

Ó rẹ́rìn-ín. Fádèyí tó bá mi gbé e lọ náà rẹ́rìn-ín, Fádèyí tí mo bá ro oko lánàá! Ó ní, "Ṣàngó, o wá fi odidi alùpùpù gba àpótí afẹ́fẹ́?"

Ẹ̀rín yẹn kò tíì kúrò létí mi. Ẹ̀gbọ́n mi, òótọ́ ni mo ń sọ fún yín: bí mo bá rí Ṣàfíù lábẹ́ igi máńgòrò kọ́lẹ́ẹ̀jì, tó gbé fóònù sétí, tó ń bá yín rẹ́rìn-ín, tó ń pè yín ní "ẹ̀gbọ́n," ńṣe ni mo máa ń yà gba ẹ̀yìn kíláàsì. Ìyá wo ló bí ẹ̀yin àti òun? Ẹ sọ fún un kó fi ẹ̀rọ mi sínú agbo. Ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu yín ti tó.

Àbúrò yín tó ń fẹsẹ̀ rìn,
Ṣàngóbíyì.


Nantes,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹta, ọdún 2024.

Ṣàngóbíyì,

Mo kí ọ. Mo kí Ìyá.

O fi alùpùpù ṣe pàṣípààrọ̀! Alùpùpù tí a fi ń gbé Ìyá lọ sílé ìwòsàn ní Pobè! Bí ẹsẹ̀ wọn bá tún wú, ṣé orí sẹ́fà ni o máa gbé wọn kà? O kò tilẹ̀ bi mí kí o tó ṣe é.

Rárá, kò ní wọ agbo. Gbọ́ ìdí rẹ̀, n kò ní tún un sọ. Ohun tí agbo bá ń pa mọ́, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ń pa gbogbo rẹ̀ mọ́. Bí inú èyí tó kéré jù bá kún, inú gbogbo wọn ti kún nìyẹn. Àyè ńlá tìrẹ yóò kàn ṣófo ni. Ṣàfíù ti fi àwòrán inú rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi: ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ ti ilé iṣẹ́ mìíràn. Iṣẹ́ tí ọ̀kan nínú àwọn yòókù bá ń ṣe lọ́wọ́, kò lè gbà á ṣe láìjẹ́ pé iṣẹ́ náà dúró ná kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá sì di mẹ́rin, tí wọ́n pín sí méjì-méjì, ìhà kankan kò ní ju ìdajì lọ, gbogbo wọn á dákẹ́. N kò tíì sọ ti iná tó máa jẹ. Kò bá wọn mu. Ọ̀rọ̀ parí.

O ní Ṣàfíù ń bá mi sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Bẹ́ẹ̀ ni. Òun máa ń gbé fóònù.

Ẹfúnwùmí.


Ikpinlè,
Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹrin, ọdún 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá wà.

Ẹ kò pè mí ní Àjàní nínú ìwé yín. Mo wá a títí, mo yí ìwé náà padà, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí níbẹ̀.

Kò bá wọn mu. Mo ti gbọ́. Èyí tí kò ti ibi tí àwọn yòókù ti wá wá, ìta ni kó dúró. Mo mọ ẹni tí ẹ ń bá wí. Ilé ẹ̀kọ́ abúlé ni mo lọ, n kò lọ sí Àjàṣẹ́.

Ṣàfíù ti lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ fún ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún mi kí n máa ṣílẹ̀kùn fún àwọn ọmọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dúró lẹ́yìn rẹ̀, tí mo ń wo ohun tí ìka rẹ̀ ń tẹ̀. Ohun tó tẹ̀ ni mo tẹ̀. Láti àná ni ẹ̀rọ mi ti wà nínú agbo, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú pẹ̀lú ti àwọn yòókù. Ẹ ní kò lè wọ̀ ọ́. Ó ti wọ̀ ọ́.

Ṣàngóbíyì.


Nantes,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin, ọdún 2024.

Àjàní mi,

Ó yẹ kí n dúró de èsì rẹ kí n tó kọ èyí, ṣùgbọ́n ara mi kò gbà á. Ìwé tí mo kọ kẹ́yìn ti le jù. Ẹsẹ̀ Ìyá ló ń dùn mí nínú, mo bá kọ ọ́ sí ọ bí ìwé tí wọ́n ń kọ sí òṣìṣẹ́.

Ẹ̀rọ rẹ kì í ṣe ẹ̀rọ burúkú. Inú agbo ni kò ti níṣẹ́ ṣe. Àgbàdo tí ẹ fẹ́ gbìn lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé inú oko ni ẹ máa ń fi í sí? Òkè àrò Ìyá ni ẹ máa ń so ó mọ́, níbi tí èéfín ti ń rá a, tí kòkòrò kì í dé, tó sì jìnnà sí oko débi pé bí iná bá jó oko, irúgbìn ṣì wà. Agbo náà nílò irú ibẹ̀ yẹn. Ohun gbogbo tó wà nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ ní ẹ̀dà kan níbòmíràn, kí mànàmáná tàbí olè má bàa kó gbogbo rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ tó máa ṣe iṣẹ́ yìí, kò di dandan kó jọ wọ́n. Kó ṣáà ní àyè púpọ̀, kó sì jìnnà sí wọn. Mo ti ń dààmú nípa ibi tí a ti máa rí irú rẹ̀, kò wá sí mi lọ́kàn pé ó ti wà nílé wa. Gbé e sí ìsọ̀ rẹ níbi tí o ti ń tún fóònù ṣe. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni kí o máa tàn án, kó gba ẹ̀dà, kí o sì pa á.

Má fi í sínú agbo. N kò pàṣẹ fún ọ, mo bẹ̀ ọ́ ni. Kí o sì gbé fóònù, Àjàní.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ẹfúnwùmí.


Ikpinlè,
Ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún, ọdún 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi Ẹfúnwùmí,

Ẹ kú ojúlọ́nà. Òjò ti ń rọ̀ dáadáa, a ti gbin àgbàdo, Ìyá ní ẹsẹ̀ àwọn ti fúyẹ́ díẹ̀. Ìwé yín tó ní Àjàní nínú dé lẹ́yìn tí nǹkan ti bàjẹ́. Tèmi àti tiyín pàdé lọ́nà, wọn kò sì kí ara wọn.

Lọ́jọ́ tí nǹkan bàjẹ́, àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò BEPC jókòó, wọ́n ń dáhùn ìdánrawò tí Màdáámù fi sínú ẹ̀rọ. Ojú ọjọ́ ṣú. Ọ̀nà méjì ni iná ń gbà wọ yàrá yẹn, ẹ̀rọ mi àti ọ̀kan nínú tiyín ló wà lórí ọ̀kan náà. Tèmi ń fa iná bí akọ màlúù tó dé odò. Ọ̀nà iná yẹn kò lè gbé e mọ́, ó já, ẹ̀rọ méjì kú lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní kò burú, ṣebí méjì ṣì ń tàn. Àmọ́ àwọn méjèèjì kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Wọ́n kàn jókòó síbẹ̀, wọ́n ń ṣẹ́jú. Méjì nínú mẹ́rin ni wọ́n, wọ́n ń dúró de ẹnì kẹta tó máa bá wọn fohùn ṣọ̀kan. Ká ní n kò fi tèmi sí i ni, ọ̀kan ni ì bá ṣubú, méjì nínú mẹ́ta ì bá kù, àwọn ọmọ kì bá tí mọ̀ pé nǹkan ṣe. Ìwé yín ìjọ́sí ń ka ara rẹ̀ sí mi létí.

Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni Ṣàfíù ti ọdún dé, mo sì ti dá kọ́kọ́rọ́ padà fún un. Kò tíì wọ yàrá tí Màdáámù Nadège fi dì í mú.

"Músíè Ṣàfíù, ṣé bí ẹ ṣe ń tọ́jú nǹkan ní Àjàṣẹ́ nìyí? Àwọn ọmọ mi ń sunkún níbẹ̀ yẹn! Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ yẹn wá. Ṣàngóbíyì ni n ó gbé e fún, òun kì í kúrò nílé."

Ó gba kọ́kọ́rọ́ náà, ó nà án sí mi. Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí mo ti ń fẹ́ láti oṣù kìíní, iwájú imú mi ló wà yẹn. Ṣàfíù yọjú wo inú yàrá, ó rí ẹ̀rọ kẹrin. Ó wò mí. Kò sọ nǹkan kan. Ìyẹn ló bí mi nínú jù. Ká ní ó tọ́ka sí mi ni, ǹ bá gba kọ́kọ́rọ́ náà lójú rẹ̀.

Mo ní, "Màdáámù, ẹ dá a padà fún un. Ẹ̀rọ tèmi ló fà á. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má fi í sí i, mo fi í sí i."

Màdáámù wò mí bí ẹni tó rí òbúkọ nínú kíláàsì. "Ìwọ yìí, orí rẹ le ju ekùrọ́ lọ!"

Ṣàfíù yọ tèmi kúrò, ó sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú iye tí agbo ń kà, kí àwọn mẹ́ta má bàa máa retí ẹni tí kò sí mọ́. Àwọn ọmọ padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ó wá bá mi gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ìsọ̀ mi lórí alùpùpù rẹ̀. Lójú ọ̀nà ni mo bi í:

"Ṣé o ti pe ẹ̀gbọ́n mi?"

"Rárá. Ọ̀rọ̀ rẹ ni, ìwọ ni kó sọ ọ́."

"Kí ló dé tí o kò tọ́ka sí mi?"

A kọjá oko ọ̀pẹ. Ó wá ní, "Ṣàngó, ṣé o mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ máa ń kọ́kọ́ bi mí bó bá pè? 'Ṣàngóbíyì ńkọ́? Ṣé ó jẹun? Ṣé ó ṣì ń bínú?' Lẹ́yìn ìyẹn ló tó máa béèrè ẹ̀rọ. Èmi tí mo ń gbé fóònù, kò bi mí rí bóyá mo jẹun. Ìwọ tí o kò gbé e, ìwọ ló ń wá. Èmi kò ní ẹ̀gbọ́n. Ìgbà míì, bí mo bá ti bá a sọ̀rọ̀ tán, inú mi kì í dùn sí ọ rárá."

Mo fẹ́ fi í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kò wá.

Ẹ̀rọ náà ti wà nínú ìsọ̀ mi, orí pákó ni mo gbé e lé kí ikán má bàa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Láti ìgbà tí ìwé yín ti dé, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Ṣàfíù máa ń gbé ẹ̀dà wá nínú dísíkì kékeré. Mo máa ń tan ẹ̀rọ náà, á gbà á sínú, mo sì máa ń pa á. Ariwo rẹ̀ ti mọ́ àwọn ewúrẹ́ lára. Ó ní bí ẹsẹ̀ Ìyá bá tún wú, kí n wá mú alùpùpù òun. Mo ti mú un lọ sí Pobè rí. Kì í jẹ́ kí n bẹ òun kó tó fún mi, kì í sì í fi ṣakọ; ìyẹn gan-an ni kò dùn mọ́ mi.

Mo ṣì ń jowú, n kò ní parọ́ fún yín. Bí mo bá rí i lábẹ́ máńgòrò yẹn, mo ṣì máa ń yà gba ẹ̀yìn kíláàsì. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ pè mí, n ó gbé e. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe. Nígbà tí ẹ bá tún pe Ṣàfíù, kí ẹ tó béèrè mi, kí ẹ tó béèrè ẹ̀rọ, ẹ bi í bóyá ó jẹun.

Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ má ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

Àjàní yín.